Ẹ Gbé Àkàbà Yẹn Sókè

Ojo ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé Ambo Tuwo jókòó sí Samarinda, ó ń fọ́nnu bí akin. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àwọn atọ́nà ọkọ̀ lọ bá ọkọ̀ ńlá níta ẹnu odò Mahakam, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí àyà mi kò já. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ejò ti bù mí jẹ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fa òkú Pak Marsudi, atọ́nà wa kan, jáde láàárín ọkọ̀ mi àti ọkọ̀ èédú kan, lọ́jọ́ tí àkàbà okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹja tó fẹ́ rà lọ sílé ló ń bá mi sọ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti rí ènìyàn lórí àkàbà okùn, n kì í mí títí ó fi máa dé òkè.

Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe rí lára mi nígbà tí wọ́n ní obìnrin ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro láti ròyìn. Ọkọ̀ ńlá dé láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀gá rẹ̀ kò mọ ibi tí iyanrìn sápamọ́ sí nínú omi wa. Atọ́nà á gun inú ọkọ̀ náà lọ, á dúró ti ọ̀gá ọkọ̀, á máa ní kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Gígùn yẹn gan-an ni wàhálà. Ọkọ̀ ńlá ga fíofío, wọ́n á sọ àkàbà okùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbì á máa gbé ọkọ̀ tèmi lọ sókè, á tún máa já a sílẹ̀, atọ́nà á sì dúró létí ọkọ̀ mi, á máa wojú ìgbì. Ìgbà tí ìgbì bá gbé wa dé góńgó ló gbọ́dọ̀ di àkàbà mú. Bó bá yá jù, ọkọ̀ mi á gbéra lé e lẹ́sẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, omi ni.

Mo ti mọ Masniah láti kékeré, Galuh ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ọmọbìnrin níbí. Ilé ìyá rẹ̀, Acil Mastora, wà lórí òpó nínú odò, lẹ́bàá èbúté wa gan-an, ibẹ̀ ló ti ń ta kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí wọ́n fi pákó tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọmọ náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ sómi, á máa bi mí pé ọkọ̀ wo nìyẹn, níbo ló ń lọ, ta ló ń wà á. Mo máa ń fún un ní súìtì kó lè dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òkun, òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbé bàtà rẹ̀ pamọ́ ní àràárọ̀. Nígbà tó jáde, ọ̀gá ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ní òun kò gba obìnrin, pé ẹ̀fúùfù á bínú. Ó wá òmíràn lọ. Ó ṣe igbákejì ọ̀gá nínú ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì, ó di ọ̀gá ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ èédú, lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ atọ́nà. Kò sí obìnrin tó ṣe é rí ní èbúté tiwa.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, mo ń fọ ọkọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ambo, ẹ káàárọ̀."

"Galuh! Kí lò ń wá níbí? Kúrò lọ́nà, atọ́nà tuntun là ń retí."

"Èmi ni atọ́nà tuntun."

"Ìwọ tí mò ń fún ní súìtì?"

"Ẹ ṣì jẹ mí ní méjì, Ambo. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé."

Sapri tó ń bá mi di okùn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi, bú sẹ́rìn-ín, ó fi Bu, orúkọ ọ̀wọ̀ fún obìnrin, pe Masniah. "Ẹ wo ojú Ambo! Ó ti funfun bí ìrẹsì. Bu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di baba yìí mú kó má ṣubú sómi."

Ọ̀gá àwọn atọ́nà, Pak Wiryo, kò fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Ó dúró lójú gbogbo wa, ó ní òun á jẹ́ kó lọ sójú òkun nítorí pé ìwé rẹ̀ pé. "Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣe é," ó ní, "obìnrin mìíràn kò ní fọwọ́ kan àkàbà níbí mọ́ níṣojú mi." Masniah dé akoto rẹ̀ mọ́rí. Ìyá rẹ̀ ló fèsì ní tirẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. "Ambo, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe gbé e bọ̀ fún mi o." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ẹ má ṣèyọnu. Irọ́ funfun báláú ni mo pa.

Bí a ṣe ń jáde lẹ́nu odò lọ́jọ́ náà, ó wá dúró tì mí nídìí àgbá tí mo fi ń darí ọkọ̀, ó di irin mú.

"Ambo, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dáa níbẹ̀?"

"Pak Marsudi kò bẹ̀rù mọ́, lọ́jọ́ tó kú."

Ó gun àkàbà lọ́jọ́ náà, ó dé òkè láyọ̀. Ó ń gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, èmi náà ń di èémí mú nísàlẹ̀, ẹ̀rù kò sì fi ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì sílẹ̀. Tirẹ̀ kì í hàn lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń tú u fó. Ní àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé ife kọfí wá sétí èbúté, bí ó bá sì gbà á, ife náà á máa dún wéréwéré lórí àwo rẹ̀.

Kọfí yẹn, kì í ṣe nítorí òùngbẹ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n níbí. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ tàbí ohun mímu lọ̀ ọ́, tí o kò tọ́ ọ wò, ó kéré tán kí o fi ìka kàn án. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, tó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kepuhunan ti tẹ̀ lé e nìyẹn. Ejò lè bù ú jẹ, igi lè wó lù ú, ó sì lè jìn sómi. Mo mọ ọkùnrin kan tó kọ ìrẹsì ìyàwó rẹ̀ nítorí ìjà, kò dé orí afárá.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ ńlá kan ti ń dúró láti ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì ń fi rédíò pè wá ṣáá. Masniah sáré jáde nílé pẹ̀lú akoto ààbò lórí, ó fò sínú ọkọ̀ mi, Sapri ti tú okùn. Ìgbà náà ni Acil Mastora yọ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Galuh! Kọfí rẹ!"

"Bí mo bá dé, Uma!"

"Fọwọ́ kàn án! Fi ìka lásán kàn án!"

Omi ti wọ àárín àwa àti èbúté. Mo fẹ́ yí ọkọ̀ padà, mo fi Ọlọ́run búra, ọwọ́ mi ti wà lórí àgbá.

"Ambo, nítorí kọfí lẹ fẹ́ yí padà?"

"Galuh, ìyá rẹ ń pè ọ́."

"Ọkọ̀ náà ń pè mí pẹ̀lú. Ẹ máa lọ."

Mo wẹ̀yìn. Obìnrin náà dúró gbọnin-gbọnin, ó na ife náà sí wa. Otútù mú mi nínú oòrùn. Sapri pàápàá dákẹ́, ẹ sì mọ̀ pé bí ẹnu Sapri bá pa dé, ọ̀rọ̀ ti burú.

Ìgbì ọjọ́ náà kò ga lójú, abẹ́ ló ti ń bọ̀, irú èyí tí kì í pariwo. Ọkọ̀ ńlá náà dúró lórí ìdákọ̀ró, ara rẹ̀ dúdú, àkàbà sì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ló wà nínú rẹ̀. Pak Duppa, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí ọkọ̀ náà, ọmọ Bugis bíi tèmi, nawọ́ sí wa láti òkè. Ní àṣẹ iṣẹ́ wa, ìsàlẹ̀ àkàbà gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ibi tí ìgbì lè gbé ọkọ̀ mi dé, kí méjèèjì má baà pàdé láé. Pak Duppa mọ àṣẹ yẹn ju bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó bojú wolẹ̀, obìnrin ló rí. Ojú tì í. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ kò ní dúró lókè kó máa wo ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń na ẹsẹ̀ fò lójú àwùjọ. Ló bá tú okùn sí i, ó tú u títí ìsàlẹ̀ àkàbà fi wá ká jọ sórí ọkọ̀ mi, kó lè gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀, Bu!" ó pariwo. "Mo ti mú un rọrùn fún yín!"

Omi ti bo gíláàsì iwájú mi. Nígbà tí mo fi ọwọ́ nù ún tí mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbì ti gbé wa dé góńgó, Masniah ti di okùn mú, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ìgbì já wa sílẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ àkàbà ti há sábẹ́ táyà tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń fa àkàbà dání, okùn náà nà tantan, ó ké. Mo ń gbọ́ igbe okùn yẹn títí dòní. Masniah wà láàárín méjì, kò lókè, kò nílẹ̀. Ìgbì tún gbé wa, okùn dẹ̀, ó tún já wa sílẹ̀, okùn tún ké, mo sì rí i tí fọ́nrán rẹ̀ kan já lókè orí rẹ̀.

Gbogbo ara mi ló ní kí n fà sẹ́yìn. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, mi ò tijú láti sọ ọ́. Sá, Tuwo, sá! Ṣùgbọ́n bí mo bá fà sẹ́yìn, èmi gan-an ni n ó já okùn náà. Mo bá yí ẹ́ńjìnì síwájú, mo fi ọkọ̀ mi ti ara ọkọ̀ ńlá náà, mo dúró lábẹ́ rẹ̀. Bó bá máa jábọ́, kó jábọ́ sórí ọkọ̀ tèmi, kó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, kó ṣẹ́ lápá. Kó má ṣáà bọ́ sí àárín yẹn.

"Sapri! Àdá! Gé e!"

Sapri ti ń rá lọ síwájú. "Èwo ni kí n gé?"

"Gbogbo rẹ̀, òmùgọ̀! Gbogbo rẹ̀!"

Ó gé okùn kan nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ Masniah. Àkàbà náà yí bírí, ó sọ Masniah mọ́ ara irin, ó dojú rẹ̀ kọ ojú òkun. Mo rí ojú rẹ̀. Nǹkan kan já bọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bọ́ sáàárín ọkọ̀ méjèèjì, ìgbì sì pa wá pọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Mo rò pé orí ni.

Mo di ojú. Ẹ máa bú mi, awakọ̀ di ojú lórí omi. Nínú òkùnkùn ojú mi yẹn, Acil Mastora ló dúró, ó na ife sí mi.

"Ambo!" Ohùn ọmọ náà ni. "Ẹ má kúrò lábẹ́ mi o! Ambo, ẹ má lọ!"

Mo la ojú. Apá rẹ̀ kan wà lára okùn, irun rẹ̀ ti tú ká. Sapri gbé àdá sókè, ó gé okùn kejì, ọkọ̀ mi sì bọ́. Àkàbà fì lọ, ó fì bọ̀, ó dúró. Masniah kò mira. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó gùn ún títí wọ́n fi fà á wọlé lókè.

Wọ́n máa ń sọ pé ikú tó fẹ́ pa ni, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ látọjọ́. Lọ́jọ́ náà mo rí fìlà ọ̀hún: akoto Masniah, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó léfòó lójú omi níwájú mi.

Ẹnì kan ṣèèṣì tẹ rédíò lókè, a sì ń gbọ́ wọn. Pak Duppa ń sunkún. "Mo fẹ́ dín wàhálà kù fún yín ni, Bu. Mo ní kí ẹ má jìyà." A ń gbọ́ bí Masniah ṣe ń mí. "Mo mọ̀, Pak," ó ní. "Àánú yín ló kù díẹ̀ kó pa mí. Ẹ mú mi lọ bá ọ̀gá ọkọ̀." Ó sì tọ́ ọkọ̀ náà wọlé, láìjẹ́ kó fi ara kan iyanrìn kankan.

Nígbà tí mo gbé e padà dé, oòrùn ti yí. Acil Mastora ṣì wà níbi tí a fi í sí, ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi àwo dé e. Ó rí orí ọmọ rẹ̀ tí kò ní akoto, ó rí apá rẹ̀ tó bó. Ó na ife.

"Uma, kì í ṣe kọfí ló fà á," Masniah sọ.

"Mo mọ̀. Mu ún."

Ó gbà á. Ó ti tutù, eṣinṣin ti kú sínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé ìdajì rẹ̀ dà sí i láṣọ, ó sì mu ìyókù tán. Ìgbà náà ló wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pákó èbúté, ó ké bí ọmọdé. Èmi àti Sapri kọ ẹ̀yìn sí wọn, à ń ṣe bí ẹni ń di okùn.

Lọ́jọ́ kejì, Pak Wiryo pè é. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò lé mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ní àga wà fún un nínú ọ́fíìsì, abẹ́ fáànù, pé òun ń ro ti ìyá rẹ̀, òun ń ṣàánú rẹ̀ ni.

"Pak," Masniah dá a lóhùn, "ẹ ti ń ṣàánú mi láti ìgbà tí mo dé. Ẹni tó ṣàánú mi lánàá tú okùn sílẹ̀ fún mi. Ká ní ọkùnrin ló rí, kò ní tú u."

"Bó o bá kú ńkọ́?"

"Kí wọ́n sọ pé àkàbà ló pa mí. Kí wọ́n má sọ pé jíjẹ́ tí mo jẹ́ obìnrin ló pa mí."

Pak Wiryo ní ọkọ̀ kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó múra.

Bó ṣe tún gùn ún nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti sún mọ́ ọkọ̀ ńlá, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á ké sókè pé, "Ẹ gbé àkàbà yẹn sókè! Ẹ má ṣàánú mi!" Àwọn atọ́nà ọkùnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan. Nígbà tó yá, àwọn náà ń ké e, wọn kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ayé ti yí. Pak Wiryo ti fẹ̀yìn tì, Acil Mastora ti sùn, Masniah ló wà lórí àga ọ̀gá báyìí. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ìdí àgbá ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá jókòó sétí èbúté láàárọ̀. Ibẹ̀ ni òun náà ń wá. Ó máa ń gbé ife ìyá rẹ̀ dání, tòun ti àwo rẹ̀, á bu kọfí, á sì na án sí atọ́nà tó ń jáde lọ, ọkùnrin ni, obìnrin ni. Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ló sọ ọ́ di ẹni tó gba kepuhunan gbọ́.

Ní ìjẹta, Jumrah ló kàn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà mọṣẹ́, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ó gba ife, ó mu ún, ó dá a padà. Àwo kò dún.

"Padà sílé lónìí," Masniah sọ fún un. "Ẹlòmíràn á lọ."

"Bu! Kí ni mo ṣe? Mo ti mu ún!"

"Mo rí i. Ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n."

Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo wo omi. Pak Marsudi ni mo ń rò, àti ọ̀rọ̀ ẹja rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Masniah tún bu kọfí sínú ife, ó gbé e fún mi. Mo gbà á. Ife náà dún wéréwéré lórí àwo, kọfí dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó gbóná.

Ó wo ọwọ́ mi títí. "Ẹ̀yin lè lọ, Ambo," ó ní.